Ẹfun Lẹ́nu Aṣọ́bodè

"Kí ló rí?"

Mọrádéun, olùyẹ̀wò, ló béèrè. Ẹnjiníà Gbádégẹṣin tẹjú mọ́ gíláàsì orí tábìlì bí ẹni ń retí kí àwòrán inú rẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé. Bàbá Oyèwùsì, tí wọ́n gbé àga rẹ̀ sí apá kejì yàrá kó má baà rí gíláàsì náà, ń fi àtàǹpàkò yí ẹ̀gbà ọwọ́ ìkíni tí wọ́n yá a lẹ́nu ọ̀nà. Láàárín wọn ni Aṣọ́bodè, ẹ̀rọ oníbọn, dúró sí lórí ẹsẹ̀ irin mẹ́ta. Ó ga tó ọmọ girama, iná orí rẹ̀ sì ń tàn ní àwọ̀ ewé.

Mọrádéun fi ìka kan gíláàsì, àwòrán náà sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò gùn ju kéèyàn mí sínú kó tún mí síta lọ. Pápá ìdánwò ni. Wọ́n to àpò iyanrìn bí ìgànná, bàbá àgbàlagbà kan tó dé fìlà dúdú sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, àpò bò ó dé ìbàdí. Lẹ́yìn bàbá náà, lọ́ọ̀ọ́kán, Aṣọ́bodè kan ń ṣọ́ ọ̀nà, iná rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. Bàbá náà wo ilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na ọwọ́ ọ̀tún sísàlẹ̀. Iná Aṣọ́bodè pọ́n. Ẹfun bú jáde lẹ́nu ìbọn rẹ̀. Àwòrán tán.

Ẹfun lílọ̀ ni wọ́n ń kó sínú ìbọn náà nígbà ìdánwò, kí wọ́n lè mọ ibi tí ọta ìbá bà láìpa ẹnikẹ́ni. Ẹfun yìí kò kan bàbá onífìlà. Ó lọ sísàlẹ̀, sẹ́yìn àpò iyanrìn, síbi tí kámẹ́rà kò dé.

"Nǹkan kan wà nílẹ̀ níbẹ̀," Mọrádéun wí. "Ó rí i, ó sì yìnbọn sí i. Kí ni nǹkan náà?"

Gbádégẹṣin ní ohun tí ilé-iṣẹ́ òun, Odi Tuntun, kọ ránṣẹ́ ni pé eruku ló kó sí ẹ̀rọ náà lójú. Ó sọ ọ́ bí ọmọ tó ń ka àkọ́sórí. Mọrádéun bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Ó rò ó díẹ̀, ó ní òun ló kọ́ Aṣọ́bodè láti dá eruku mọ̀ yàtọ̀ sí ènìyàn, àti pé bí eruku bá lè tàn án jẹ, a jẹ́ pé iṣẹ́ òun kò dára tó. Bí kì í bá sì í ṣe eruku, òun kò mọ ohun tó jẹ́.

"Àwòrán tó kù ńkọ́?"

"Wọ́n ti pa á rẹ́, Mà. Òfin ló ní ká pa á rẹ́."

Òótọ́ ló sọ. Òfin tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Òfin Kíákíá kò gbà kí ilé-iṣẹ́ tọ́jú ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí iná bá fi yí padà lọ, kí olùyẹ̀wò kankan má baà jókòó ti àwòrán odidi ọjọ́ kan bí ẹni ń wo fíìmù. Ojú Aṣọ́bodè fúnra rẹ̀ kì í tọ́jú ohun tó bá rí. Ìyẹn tún wà nínú òfin mìíràn, èyí tó ń dáàbò bo àṣírí aráàlú. Bàbá onífìlà náà sì ńkọ́? Ẹni tó ń kọjá lọ ni. Òfin kò ní kí wọ́n bi í lórúkọ.

Kí òfin yìí tó dé, bí ìlú kan bá fẹ́ ohun tí yóò fi dáàbò bo ara rẹ̀, ìwé rẹ̀ á máa ti orí tábìlì kan bọ́ sórí òmíràn, ìgbìmọ̀ kan á dá a padà fún ìgbìmọ̀ kejì nítorí òǹtẹ̀ tí kò hàn dáadáa. Ìwé ìlú Òkè-Ṣápá wà lórí ọ̀kan nínú àwọn tábìlì wọ̀nyẹn nígbà tí àwọn ajínigbé wọ ìlú náà. Adérójú, àbúrò Mọrádéun, wà lára àwọn tí wọ́n sin lọ́sẹ̀ náà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ìjọba fèsì pé àwọn ti rí ẹ̀bẹ̀ ìlú gbà, àwọn yóò sì gbé e yẹ̀ wò.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ń jiyàn lórí Òfin Kíákíá, Mọrádéun wà lára àwọn tó lọ sọ̀rọ̀ níwájú àwọn aṣòfin pé kí wọ́n fọwọ́ sí i. Títí di òní, kò tí ì rí ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tó sọ tó fẹ́ kó jẹ. Ohun tí kò mọ̀ nígbà náà ni bí yàrá náà yóò ṣe rí fún ẹni tó bá wà nínú rẹ̀.

Wọ́n ń pè é ní Yàrá Ìpinnu. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní ọwọ́ nínú. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà lókè ògiri ìwọ̀-oòrùn, oòrùn sì ń gba ibẹ̀ wọlé, ó ń fi ìlà ìmọ́lẹ̀ kan sára ògiri kejì. Bí oòrùn ṣe ń wọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ náà ń gun ògiri lọ. Nítòsí àjà, wọ́n fi ọ̀dà pupa fa ìlà kan. Bí ìmọ́lẹ̀ bá fi lè kan ọ̀dà pupa tí olùyẹ̀wò kò tí ì sọ nǹkan kan, ìdákẹ́ rẹ̀ ti di ìfọwọ́sí nìyẹn. Oòrùn ni wọ́n yàn nítorí pé, nílé ìpinnu kan tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́, àwọn kan san owó fún ẹni tó ń tún aago ṣe. Wọn kò tí ì rí ẹni tó lè san owó fún oòrùn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni wọ́n sì ń ra ohun ìjà.

"Olùyẹ̀wò," ohùn kan wí láti àjà, "ìmọ́lẹ̀ ti kọjá ìdajì ògiri."

Akọ̀wé nìyẹn, ohùn yàrá náà. Òun ló ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, òun ló sì ń ti ilẹ̀kùn, òun ló ń ṣí i.

"A dúpẹ́ o," Bàbá Oyèwùsì wí fún àjà.

"Ọpẹ́ kò sí lára ohun tí a ń yẹ̀ wò, Ẹlẹ́rìí Ìlú," Akọ̀wé fèsì.

Bàbá mi orí. Ó yíjú sí Mọrádéun, ó ní láti òwúrọ̀ tí òun ti wọ ìlú Ìbàdàn, kò sẹ́ni tó lajú wo òun. "Wọ́n á kàn fi tiwọn kan tèmi, á gbọ̀n pẹ́," ó wí, ó gbé ẹ̀gbà ọwọ́ náà sókè. "Ọwọ́ mi ni wọ́n ń kí. Wọn ò kí èmi."

Gbádégẹṣin fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Mọrádéun kò rẹ́rìn-ín. Bàbá Oyèwùsì ló mú un lọ sílé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lọ, nígbà tí bàbá rẹ̀ wà lóko. Òun náà ló gbé òkú Adérójú wọlé. Mọrádéun ti mọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jọ wọ inú yàrá yìí pé ojú bàbá náà kò kúrò lára òun, àti pé kì í ṣe ojú tí wọ́n fi ń wo òṣìṣẹ́ ìjọba.

Òfin àtijọ́ kì bá tí jẹ́ kó sún mọ́ yàrá yìí rárá. Wọn ì bá ní ìyá rẹ̀ ń gbé Òkè-Ṣápá, kò lè fi òótọ́ inú yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Òfin Kíákíá wá yí i padà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an ni kó yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé ẹni tí ìyá rẹ̀ yóò máa sùn lábẹ́ ẹ̀rọ náà kò ní gbàbọ̀dè, kò sì ní fi nǹkan falẹ̀. Bákan náà ni ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ rán ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn wá. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ẹnì kejì, àfi bí wọ́n bá ti mọra tẹ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sí àyà bàbá ni "Ẹlẹ́rìí Ìlú", ti Gbádégẹṣin sì jẹ́ "Ẹnjiníà". Orúkọ rẹ̀ tí Mọrádéun mọ̀, abẹ́ àwòrán inú gíláàsì ló ti rí i.

Bọ́tìnnì mẹ́ta ló wà lórí tábìlì. Èyí tó ní àwọ̀ ewé ni ìfọwọ́sí. Èyí tó pupa ni ìkọ̀sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìkọ̀sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àléébù tó lórúkọ, èyí tí Akọ̀wé fojú ara rẹ̀ rí nínú yàrá. Bí olùyẹ̀wò bá tẹ pupa tí kò sì lè fi àléébù náà hàn, yàrá á kà á sí ìfọwọ́sí, olùyẹ̀wò á sì pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá tẹ ewé, ìfọwọ́sí. Bí ó bá dákẹ́, ìfọwọ́sí. Mọrádéun ti ń yí i po lọ́kàn láti ọ̀sán bí ọmọ tó ń tú okùn tó ta kókó, gbogbo ibi tó bá sì fà á sí, ibì kan náà ló ń já sí.

Bọ́tìnnì kẹta jẹ́ àwọ̀ òféèfèé. Kò tí ì fọwọ́ kàn án.

"Akọ̀wé, gbé ewúrẹ́ wá," ó wí.

Ìmọ́lẹ̀ tàn nílẹ̀ níwájú Aṣọ́bodè, àwòrán ewúrẹ́ kan sì yọ níbẹ̀, a lè rí ògiri gba ara rẹ̀ kọjá. Ó gbọn etí, ó rìn kọjá. Iná kò yí padà. Ó ní kí ó gbé ajá wá, ajá dé, ajá lọ. Ó ní kí ó gbé ọmọ tó ń rá wá, obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ tó ń ṣa kajú, ọkùnrin tó ń so okùn bàtà. Àwọ̀ ewé. Ó ní kí ó gbé ẹni tó ń kírun wá, ọkùnrin kan sì tẹ eékún, ó fi iwájú orí kanlẹ̀. Àwọ̀ ewé síbẹ̀.

"A rántí ìyẹn, Mà," Gbádégẹṣin wí, inú rẹ̀ sì dùn díẹ̀. "Eékún tó ká ló fi ń mọ̀ ọ́n."

Ẹni tó ṣubú nítorí àìsàn wá ńkọ́? Iná di òféèfèé, Aṣọ́bodè sì ké pe dókítà. Ẹni tó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tó ń sùn? Ewé. Mọrádéun fi ọwọ́ nu òógùn ọrùn rẹ̀. Afẹ́fẹ́ yàrá náà ti gbóná, ó ń rùn bí irin tí wọ́n fi sílẹ̀ sínú oòrùn. Ó ní kí Akọ̀wé gbé ẹni tó dojú bolẹ̀ wá, tó na ara rẹ̀ gbalaja, láìní ìbọn.

Ọkùnrin kan yọ, ó dùbúlẹ̀. Iná pọ́n, ẹfun sì bú jáde, ó ba ilẹ̀ yàrá níbi tí ọrùn ọkùnrin náà wà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ta gìrì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n mọ̀ pé yóò ṣe bẹ́ẹ̀.

"Kò ní ìbọn lọ́wọ́," Mọrádéun wí. "Kí ló dé tó fi yìnbọn sí i?"

Gbádégẹṣin ní ìlú Òkè-Ṣápá fúnra rẹ̀ ló béèrè fún ìyẹn. Ó yíjú sí bàbá bí ẹni fẹ́ kó ran òun lọ́wọ́. Bàbá Oyèwùsì pa ọwọ́ pọ̀ lórí itan, ó sì ròyìn rẹ̀ láìgbé ohùn sókè. Lọ́jọ́ tí àwọn ajínigbé wá, wọn kò dúró sínú igbó. Wọ́n dojú bolẹ̀ lójú ọ̀nà oko, wọ́n sùn lé ìbọn wọn lórí, bí ẹni tí ejò bu jẹ. Àwọn tó kọ́kọ́ rí wọn sáré lọ bá wọn láti gbé wọn dìde.

"Adérójú ló ṣíwájú," ó wí. "Igbá omi ló gbé lọ́wọ́."

Mọrádéun ti gbọ́ pé ojú ọ̀nà oko ni àbúrò òun kú sí. Kò gbọ́ ti igbá omi rí.

"Ìdí nìyẹn tí a fi kọ́ ọ bẹ́ẹ̀," Gbádégẹṣin wí jẹ́jẹ́. "Ẹni tó bá na ara gbalaja, tó kọjú sílẹ̀, tó fi ọwọ́ méjèèjì síwájú, tí kò ṣubú, tí kò sùn, tí kò kírun. Mà, mo ti bi ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà tí kì í ṣe pé ó fẹ́ pààyàn?"

Mọrádéun rò ó. Bàbá náà rò ó, ọ̀nà oko ọjọ́ yẹn nìkan ló sì ń rí. Wọ́n jọ gbà pé kò sí.

Ìmọ́lẹ̀ ti kúrò ní àwọ̀ funfun, ó ti ń di àwọ̀ oyin, ó sì ti sún mọ́ ọ̀dà pupa. Mọrádéun tún wo bàbá onífìlà nínú gíláàsì. Ẹ̀rín tó wà lójú rẹ̀ ló ń dà á láàmú. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹni tó rí ewúrẹ́. Ẹni tó bá rí ajínigbé kò sì ní rẹ́rìn-ín. Ó jẹ́ kí àwòrán náà máa tún ara rẹ̀ ṣe láìdúró. Bàbá náà ń wo ilẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń na ọwọ́, ẹfun ń bú jáde. Ó tún ń wo ilẹ̀, ó tún ń rẹ́rìn-ín.

Ọwọ́ Mọrádéun ti lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì òféèfèé kó tó mọ̀. Bàbá Oyèwùsì rí i.

"Ìyẹn ńkọ́?" bàbá béèrè. "Ẹ ò tí ì sọ ohun tí ìyẹn wà fún."

Kò kọ́kọ́ fẹ́ sọ. Akọ̀wé ló bá a sọ ọ́, nítorí pé ẹlẹ́rìí ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́. Ó ní ìdádúró ẹ̀rí-ọkàn nìyẹn. Olùyẹ̀wò lè tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní gbogbo ìgbà tó bá fi wà lẹ́nu iṣẹ́, láìsọ ìdí. Kò ní sí ìjìyà fún un. Àwọn Aṣọ́bodè tó jẹ́ ti ìlú náà á lọ fún ìlú tó tẹ̀ lé e lórí ìlà, ìlú náà á sì dúró di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀.

"Wọ́n á gbé e lọ fún ìlú mìíràn," bàbá tún un sọ, bí ẹni pé kò gbọ́ dáadáa. "Bó ṣe wà yìí?"

"Bó ṣe wà, bí olùyẹ̀wò ìlú náà bá fọwọ́ sí i," Akọ̀wé wí.

Bàbá dìde. Ó rìn dé ibi tí òfin gbà á láyè dé, ó dúró níbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá Mọrádéun sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn méjèèjì nìkan ló wà nínú yàrá. Ó rán an létí pé kì í ṣe ìjọba ló fi owó sí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Òkè-Ṣápá ló fi kajú ìkórè gbogbo ìlú dókòòwò nínú Odi Tuntun, kí wọ́n lè wà níwájú lórí ìlà. Ó ní àwọn ọmọdé kò sùn sílé mọ́, gbọ̀ngán ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń sùn, àwọn ìyá wọn sì ń sùn sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ní koríko ti ń gbẹ. Bó bá ti gbẹ tán, àwọn ajínigbé á ti lè gun alùpùpù gba inú igbó kọjá, gbogbo ìlú ló sì mọ̀ ọ́n.

"Ìyá rẹ wà nínú àwọn tó ń sùn sẹ́nu ilẹ̀kùn," ó wí. "Kò ní kí n sọ fún ọ."

"Bàbá, mo mọ̀ pé nǹkan kan kù tí a ò rí."

"Kí ni nǹkan náà?"

"N kò mọ̀ ọ́n."

"O ò mọ̀ ọ́n." Kò sọ ọ́ bí ẹni ń bínú. "Èmi mọ èyí tó ń bọ̀, Mọrádéun. Mo mọ ojú wọn. Èyí tí o ò mọ̀ lo wá fẹ́ tìtorí rẹ̀ tú wa sílẹ̀ fún wọn?"

Mọrádéun yíjú sí àwòrán inú gíláàsì. Kí ni yóò sọ? Pé bàbá kan rẹ́rìn-ín? Ó ń wo ìka ara rẹ̀ lórí tábìlì, ó ń bi ara rẹ̀ léèrè ta ni yóò kú bí ó bá tẹ ewé, ta ni yóò kú bí ó bá tẹ òféèfèé, ó sì rí i pé ti òféèfèé nìkan ni òun lè pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ti ewé kò lójú, wọn kò lórúkọ. Bóyá wọn kò tilẹ̀ sí. Bóyá eruku ni lóòótọ́.

"Olùyẹ̀wò," Akọ̀wé wí, "ìmọ́lẹ̀ ti fẹ́ kan ìlà."

Ó gbé ìka rẹ̀ lé bọ́tìnnì òféèfèé. Kò tẹ̀ ẹ́. Ó gbé e kúrò, ó sún un sọ́dọ̀ ewé, kò sì tẹ ìyẹn náà.

Bàbá Oyèwùsì padà lọ jókòó bí ẹni tí àárẹ̀ mú lójijì. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yíjú sí Gbádégẹṣin, ó sì bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí a ṣe ń bi àlejò, bóyá ilé-iṣẹ́ wọn kò lè yá ìlú àwọn ní ẹ̀rọ kan ṣoṣo títí di ọdún tó ń bọ̀, ká ní wọ́n tiẹ̀ dá a dúró. Gbádégẹṣin ní òfin kò gbà á. Ó ní òun fúnra òun ti béèrè rẹ̀. Ó ní òun ló bẹ ilé-iṣẹ́ pé kí wọ́n rán òun wá síbí, nítorí ìyá òun.

"Kí ló kan ìyá yín, Ẹnjiníà?"

"Ọmọ Òkè-Ṣápá ni ìyá mi, sà. Ó ti kú. N kò dé ibẹ̀ rí, Ẹdẹ ni mo dàgbà sí. Ó máa ń sọ pé òun á mú mi lọ."

Bàbá gbé orí sókè. "Ilé wo?"

"Ilé Jagun, sà. Wúràọlá ni wọ́n ń pè é."

"Wúràọlá." Bàbá Oyèwùsì di àga mú. "Wúrà tó lọ fẹ́ ará Ẹdẹ tó ń ta páànù?"

"Bàbá mi nìyẹn, sà."

Bàbá ń wo iwájú orí ọ̀dọ́kùnrin náà, ó wo etí rẹ̀, ó wo bí ó ṣe fi ẹsẹ̀ kan lé ìkejì. Nígbà tó sọ̀rọ̀, "ẹ̀yin" ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Èmi ni Oyèwùsì," ó wí. "Ìyá kan náà ló bí èmi àti ìyá rẹ. Èmi ni mo gbé ẹrù rẹ̀ lọ sí Ẹdẹ. Ìwọ ni Gbádégẹṣin?"

Mọrádéun gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lára ògiri. Ìmọ́lẹ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kan ọ̀dà pupa. Ó rí Gbádégẹṣin pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ ojú, ó rí i tó dìde, tó tún ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe, tó gba iwájú Aṣọ́bodè kọjá lọ síbi tí bàbá jókòó sí. Ọ̀dọ́kùnrin náà kò rò ó wò. Ara rẹ̀ ló ṣe é, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ láti kékeré. Ó fi ọwọ́ méjèèjì kanlẹ̀, ó na ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ó sì fi àyà lélẹ̀ gbalaja níwájú ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà."

Bàbá Oyèwùsì wo ilẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tí Mọrádéun ti ń wò láti ọ̀sán, ó sì na ọwọ́ ọ̀tún sísàlẹ̀ láti fi kan ẹ̀yìn ọmọ náà.

Iná pọ́n.

Ẹfun bú jáde. Ìró rẹ̀ kò ju ti ẹni tó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ. Gbádégẹṣin kò tilẹ̀ mọ̀. Ó ṣì dojú bolẹ̀, ó ń retí kí wọ́n ní kí òun dìde, àmì funfun kan sì wà lọ́gangan ibi tí ọrùn rẹ̀ ti pàdé agbárí. Ọwọ́ bàbá dúró lókè àmì náà, kò lè sọ̀ kalẹ̀. Nínú gíláàsì, bàbá onífìlà ṣì ń na ọwọ́ tirẹ̀.

"Olùyẹ̀wò," Akọ̀wé wí, "Aṣọ́bodè ti yìnbọn. Ṣé àléébù ni?"

Mọrádéun ti tẹ pupa.

"Ẹ pe orúkọ rẹ̀."

"Ìdọ̀bálẹ̀," ó wí.